Àgbà Wo Là Ń Pe Olórin Fún?

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó tí mò ń gbé, kò sí ayẹyẹ ìlú tí a fẹ́ ṣe tí ọ̀rọ̀ olórin kì í dá awuyewuye sílẹ̀. Ta ni ká pè? Èló ni yóò gbà? Ṣé tàwọn ọ̀dọ́ la fẹ́ ṣe ni àbí tàwọn àgbà? Ó ti tó ọdún mélòó kan tí wọ́n ti fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń pe olórin fún alẹ́ orin tí a máa ń ṣe lópin ọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun wálé. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. Ohun tí mo rí kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ, torí bí mo bá dé Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí tí mo kọjá sí Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ lọ́hùn-ún, ẹjọ́ kan náà ni mò ń gbọ́: àwọn àgbà kì í dúró síbi orin mọ́.

Ohun tí wọ́n máa ń sọ fún wa ni pé àwọn orúkọ tó wà lára pósítà kò bá tiwọn lọ mọ́. Èsì tó sì máa ń yá ìgbìmọ̀ lẹ́nu ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fi olórin àtijọ́ kan kún un." A ń fi kún un lóòótọ́. Àwọn àgbà á múra wá, aṣọ òkè àti fìlà, wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wo aago. Nígbà tó bá yá, wọ́n á máa dìde níkọ̀ọ̀kan, olórin tí a torí wọn pè kò sì tíì gun orí ìtàgé. Mo rí i pé inú ìpàdé nìkan kọ́ la ti lè mọ ohun tó ń lé wọn lọ. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá wọn nílé, láti Òkè-Sopin dé Jápárà, mo ń béèrè, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yé mi ni pé àgbà ju àgbà lọ. Màmá mi ti lé lẹ́ni 80 ọdún. Àpàlà Haruna Ìṣọ̀lá àti sákárà Yusuf Ọlátúnjí ni wọ́n gbọ́ dàgbà, pẹ̀lú wákà Batile Àlàkẹ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní òun ló kọ́kọ́ gbé wákà sínú àwo. Bí fújì bá ń dún níta, ohun tí Màmá máa sọ ni pé, "Ẹ bá mi ti fèrèsé yẹn." Àbúrò wọn tó kẹ́yìn ti lé lẹ́ni 60 ọdún, àgbà pátápátá lòun náà, wọ́n ti ní ọmọ-ọmọ. Àmọ́ fújì gan-an ni orin tiwọn. Nígbà ọ̀dọ́ wọn, Síkírù Àyìndé Barrister ni wọ́n ń tẹ̀lé, ayé ìgbà yẹn sì rèé, ẹni tó bá ń tẹ̀lé Barrister kì í ra àwo Kollington. Àwọn olórin méjèèjì ti ṣe sójà rí, àwọn olólùfẹ́ wọn náà sì ń bára wọn jagun ẹnu ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti ní gáréèjì.

Èmi alára ti lé lẹ́ni 50. Ilé ìwé girama ni mo wà nígbà tí Shina Peters da ìlù fújì pọ̀ mọ́ jùjú ní 1989, tí gbogbo wa ń jó o kiri. Lẹ́yìn ìyẹn ni Adéwálé Àyúbà, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, gbé irú fújì kan dé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò tijú láti jó. Àwọn tó jẹ́ ẹni 40 ọdún lónìí, Pasuma àti Saheed Òṣùpá ni wọ́n ń jà lé lórí, àwọn náà sì ti ń sọ ọ́ báyìí pé orin ayé ìsinsìnyí kò nítumọ̀. Gbogbo wa la ti di àgbà lójú ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá dìde nínú ìpàdé pé, "A ti pe tàwọn àgbà," mo máa ń béèrè pé, àgbà wo? Olórin tó máa gbé àbúrò Màmá dìde lórí àga ni yóò mú kí Màmá béèrè fún ọkọ̀ tí yóò gbé wọn relé.

Nǹkan mìíràn tún wà tó mú ọ̀rọ̀ náà le. Àwọn tí ọkàn àwọn àgbà wà lọ́dọ̀ wọn, ọ̀pọ̀ ti lọ. Yusuf Ọlátúnjí kú ní 1978, Àyìnlá Ọmọwúrà ní 1980, Haruna Ìṣọ̀lá ní 1983, I.K. Dairo ní 1996, Barrister ní 2010, Batile Àlàkẹ́ ní 2013. Ebenezer Obey, tí wọ́n bí ní 1942, ti yí sí orin ìhìnrere láti ọjọ́ pípẹ́. Ọdún 1946 ni wọ́n bí Sunny Adé. Owó kò lè pe ẹni tó ti kú wá, a ò sì lè máa retí pé àwọn tó kù yóò máa kọrin mọ́jú bíi ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wá sọ pé àgbà kò ní gba arọ́pò. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà yàtọ̀ sí ìyẹn. Ní nǹkan bí ọdún 2000 tí Músílíù Haruna Ìṣọ̀lá gbé àpàlà bàbá rẹ̀ jáde lákọ̀tun, tí ọmọdé àtàgbà ń kọ ọ́ lójú pópó, mi ò gbọ́ kí àgbà kan nílùú wa sọ pé kì í ṣe bàbá rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ọmọ náà mọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí Haruna Ìṣọ̀lá, torí ọmọ ìlú wa ni, àtipé nípasẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ ohun tí àwọn àgbà ń wá gan-an. Àwo tó kọ́kọ́ ṣe ní 1948, orúkọ Ọba Adéboyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ló fi pè é. Àwo náà kò tà nígbà yẹn. Nígbà tó tún un ṣe ní 1955, lẹ́yìn tí ọba náà ti wàjà, ni òkìkí rẹ̀ wá kàn. Ó máa ń jókòó kọrin ni. Onígángan yí i ká, agídìgbo ń dún, akúba ń dáhùn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń lọ, àwọn elégbè wà lẹ́yìn. Kò jẹ́ kí gìtá wọ inú ẹ̀. Ní 1969, òun àti I.K. Dairo dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star, kí olórin lè di ọ̀gá ara rẹ̀. Nígbà tó sì di 1979, Phonodisk, ilé iṣẹ́ tó ń tẹ àwo orin, ti wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Nítorí náà, àwọn tí mo ń lọ bá nílé kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ orin. Ìlú tí wọ́n ti ń tẹ àwo ni wọ́n dàgbà sí.

Bàbá kan wà ní Òkè-Sopin tí wọ́n ti súnmọ́ 90 ọdún. Wọ́n ní kí ọmọ wọn gbé àga fún mi, kó bu omi wá, kí n mu ún tán kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí wọn kì í fi í dúró títí, wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní:

"Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Haruna ò kọrin fún èrò. Ẹnì kan ló máa ń kọ ọ́ fún, èrò á wá bá a gbọ́. Bó bá pe bàbá rẹ, á pe ìyá tó bí bàbá rẹ, á sọ ilé tí ẹ ti wá, á sọ ohun tí ẹ kì í jẹ. Nínú gbogbo àwọn tí ẹ ń náwó lé lórí yìí, èwo ló mọ̀ mí?"

N kò rí èsì fọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo sì kà á jáde ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó bá mọ ibi tí jùjú àti fújì ti dàgbà yóò mọ ohun tí Bàbá ń wí. Òde ni wọ́n ti dàgbà: òde ìsìnkú, òde ìkómọ, òde ìwúyè, òde ìṣílé. Fújì fúnra rẹ̀, inú wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí fún sààrì nígbà ààwẹ̀ ló ti jáde, ojúlé dé ojúlé ni wọ́n ń kọ ọ́. Lóde àríyá, olórin kì í kánjú. Yóò kọ ọ́ láti alẹ́ di ìdájí. Yóò rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kan yóò ti sọ̀rọ̀ sí i létí, oríkì yóò bẹ̀rẹ̀ kí onítọ̀hún tó dé iwájú. Onítọ̀hún yóò jó, yóò lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí, ìyáàlù yóò dá a lóhùn, òun náà yóò fi ẹsẹ̀ dá ìlù lóhùn. Àwo wọn náà ò yàtọ̀. Odindi ojú kan nínú àwo Obey tàbí ti Sunny Adé lè lọ bí ìṣẹ́jú 18 láìdúró, tí orin kan ń wọnú ìkejì, tí ìlù ń yí, tí gìtá ń bá a yí. Ẹni tó fi 40 ọdún gbọ́ orin báyìí, ara rẹ̀ ti mọ bó ṣe yẹ kó lọ.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe lórí ìtàgé. Ìṣẹ́jú 20 fún olórin kọ̀ọ̀kan. Yóò sáré mú ẹsẹ̀ kan nínú orin yìí, ẹsẹ̀ kan nínú ìyẹn, yóò ní kí Ìjẹ̀bú-Igbó pariwo, yóò sì lọ. Àwọn ọ̀dọ́ gbádùn ìyẹn, n kò sì bá wọn jà, torí orin tí wọ́n mọ̀ kì í ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, gbogbo wọn ló sì mọ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú 20 á ti pé kí ẹsẹ̀ àgbà tó gbóná. Àgbà kì í fò dìde níbẹ̀rẹ̀ orin. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ìlù ń wí, yóò mi orí, yóò máa fi àtẹ́lẹsẹ̀ lu ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó di ìgbà tí ìlù bá yí síbi tó mọ̀ kó tó gbé agbádá dìde. Olórin tí a torí rẹ̀ pè, bó bá jẹ́ pé ìgbà tó ń dìde ni atọ́kùn ètò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olórin náà, òfo la ṣe, bó ti wù kí orúkọ ọ̀hún tóbi tó.

Ọ̀rọ̀ owó lílẹ̀ náà ti yí padà. Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti 2007 kò fàyè gba kí ènìyàn máa fọ́n náírà tàbí kó máa jó lórí rẹ̀, ní 2024 sì ni ilé ẹjọ́ rán àwọn gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ náà. N kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni rú òfin, àwọn àgbà ìlú wa náà kò sì fẹ́ ìtìjú lọ́jọ́ alẹ́. Inú àpò ìwé ni wọ́n ń fi owó sí báyìí. Ohun tí mo rí i pé wọ́n pàdánù ju owó lọ. Owó yẹn ló ń mú àgbà rìn dé iwájú olórin, òun náà ló ń mú olórin wo ojú àgbà. Nígbà tí ó di pé ìgbìmọ̀ ló ń san gbogbo owó ṣáájú, olórin kò ní ìdí láti mọ ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí a wá ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi pàdé.

Ọ̀rọ̀ àga, àkókò àti ariwo wá kù, àwọn tí ìgbìmọ̀ kì í kà sí ọ̀rọ̀ orin rárá. Èmi kà á sí ọ̀rọ̀ orin pátápátá. Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó ti Màmá níwájú, níbi tí a ti tò àga rọ́bà funfun sí fún àwọn àgbà. Ọ̀wọ̀ la rò pé a fi wọ́n ṣe tí a fi wọ́n sí iwájú, àmọ́ iwájú náà ni àwọn sípíkà dúdú tó ga ju ènìyàn lọ wà, wọ́n dojú kọ wọ́n gbáà. Bí báàsì bá ti dún, omi inú ike tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ Màmá a máa gbọ̀n. Wọ́n fa etí gèlè bo etí wọn ọ̀tún, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyá tó jókòó tì wọ́n yọ ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kúrò létí, wọ́n fi áńkáṣíìfù wé e, wọ́n rọra tì í bọ inú báàgì, wọ́n sì fa síìpù rẹ̀ pa. Síbi orin ni wọ́n wá o! Ọmọkùnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà, nígbà tí mo lọ bá a, sọ fún mi pé bí òun bá dín in kù, àwọn tó wà lẹ́yìn kò ní gbọ́. Òótọ́ ló sọ. Ohun tó yẹ ni pé kí àwọn àgbà má wà níbẹ̀.

Ní ti àkókò, n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Aago mẹ́fà ló wà lára pósítà. Aago mẹ́fà ni àgbà dé. Aago kan òru ni olórin ńlá dé. Ẹni tó fẹ́ kí ìrun Àsùbáà bá òun lójúfò kò lè dúró dè é, kò sì yẹ ká bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró.

Ohun tó yí ìgbìmọ̀ wa lọ́kàn padà jù lọ ni ọ̀dọ́kùnrin kan láti Àtìkórí. Kò tíì lókìkí, owó rẹ̀ kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi fi í sáàárín àwọn tó máa kọ́kọ́ kọrin nírọ̀lẹ́. Gbogbo àwọn tó ṣáájú rẹ̀, díjéè ló ń tẹ orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ fún wọn, àwọn kàn ń fi ohùn lé e. Òun kó ìlù wá: ìyáàlù, gángan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Mo ti rí onílù rẹ̀ lẹ́yìn ìtàgé níbi tó ti ń bi àwọn ọmọ ìlú léèrè pé ta ni Bàbá tó wọ agbádá àwọ̀ ewé yẹn, ilé wo ni wọ́n ti wá. Bàbá Òkè-Sopin ni. Nígbà tó kàn wọ́n, Bàbá ti dìde, ọmọ wọn ti di apá wọn mú, wọ́n fẹ́ máa lọ. Onílù náà sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtàgé kí ọ̀gá rẹ̀ tó lanu, ó dúró bí ẹsẹ̀ mẹ́ta sí wọn, ó fi ìlù pe ọmọ Alárè, oríkì gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú, ó wá wọnú oríkì ilé wọn. Bàbá dúró. Wọ́n fetí sí i láti rí i bóyá yóò ṣì í. Kò ṣì í. Wọ́n gbé ọ̀pá lé ọmọ wọn lọ́wọ́, wọ́n ká apá agbádá sí èjìká, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó, díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yìn títẹ̀ síwájú bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ń jó àpàlà. Ọ̀dọ́kùnrin náà kọ àpàlà, ó kọ fújì, ó tún kọ èyí tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ lórí fóònù, ìlù kan náà ló fi gbé gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà kò kúrò títí ó fi ṣe tán, àwọn ọ̀dọ́ náà sì ti rìn súnmọ́ iwájú.

Ọjọ́ orí olórin kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, nígbà yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọrin lónìí ló gbé ohùn àwọn bàbá sínú tiwọn. Terry Apala ń da àpàlà pọ̀ mọ́ ìlù ayé òde òní. Bí Asake bá ń kọrin, fújì wà nínú bó ṣe ń fa ohùn àti bí àwọn elégbè ṣe ń dá a lóhùn. Lọ́jọ́ tí àbúrò Màmá gbọ́ ọ lórí fóònù ọmọ-ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní fújì?" Ìlù tó ń sọ̀rọ̀, tí ọwọ́ ènìyàn ń lù lójú wọn, ni ohun tí wọ́n kì í rí nígbà tí irú orin bẹ́ẹ̀ bá dé orí ìtàgé wa.

Mo tún fi ojú sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, oòrùn a máa mú, síbẹ̀ àgbà ẹni 70 ọdún á dúró lórí ẹsẹ̀ láti òwúrọ̀ láìráhùn. Olórin wà níbẹ̀ o. Ó pẹ́ tí Wàsíù Àyìndé, tó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń gbé irinṣẹ́ fún ẹgbẹ́ olórin Barrister, ti ń kọrin níbẹ̀. Àmọ́ olórin kọ́ ló fa àgbà náà wá. Régbérégbé ló fà á wá, ẹgbẹ́ àwọn tí wọ́n bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn, èyí tí Awùjalẹ̀ Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní 2025, sọ jí padà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò wọ aṣọ tó dá tirẹ̀ mọ̀, yóò jó wá kí ọba. Àwọn ìdílé Balógun yóò wá lórí ẹṣin. Ìlù ló ń tẹ̀ lé àgbà níbẹ̀, àgbà ni èrò ń wò. Mo bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìpàdé pé, níbi alẹ́ orin tiwa, iṣẹ́ wo la fún àgbà ju pé kó jókòó kó máa wo ẹ̀yìn fóònù àwọn ọ̀dọ́?

A ti yí àwọn nǹkan kan padà. Ti àwọn àgbà kì í ṣe alẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ló ń bẹ̀rẹ̀, kó tó di Màgàríbì ó ti parí, ẹni tó bá fẹ́ dúró ti alẹ́ lè dúró. Olórin kan ṣoṣo là ń pè fún ìrọ̀lẹ́ yẹn, a sì ń fún un ní wákàtí kan àbọ̀ láìdá a dúró. Ẹ̀gbẹ́ kan lábẹ́ àtíbàbà ni a tò àga sí, àga tó ní ibi ìfẹ̀yìntì, sípíkà kò dojú kọ wọ́n. A tún ní kí àwọn ọ̀dọ́ ní àdúgbò márààrún, Òkè-Sopin, Ojówò, Àtìkórí, Òkè-Àgbò àti Jápárà, lọ gba oríkì ilé àwọn àgbà wọn sílẹ̀ kí onílù lè rí i kà ṣáájú ọjọ́. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo ohun tí a ti ṣe lọ, torí àwọn ọmọ kan kò mọ oríkì ilé wọn kó tó di pé a rán wọn níṣẹ́ yìí.

Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ pe oríkì rẹ̀ ti dá ìbínú sílẹ̀ láàárín ilé méjì. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ ní pósítà ti dín ní orúkọ, bẹ́ẹ̀ orúkọ púpọ̀ ni àwọn tó ń fún wa lówó fẹ́ rí kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Mo lóye ohun tí wọ́n ń sọ, àmọ́ mi ò gbà. Orúkọ méje tí ẹnikẹ́ni ò ráyè gbọ́ dáadáa kò tó olórin kan tó jókòó ti ìlù rẹ̀ títí ara fi gbóná. Owó tí a fi ń pe èkeje yẹn, ó yẹ kó lọ sórí onílù, sórí àga, sórí ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn tí orúnkún ń dùn relé.

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ni a kò tíì yanjú. Ìyá kan ní Òkè-Àgbò ló là á mọ́ mi lójú: nínú gbogbo pósítà tí wọ́n ti rí láti ọjọ́ yìí wá, àwọn ò rí orúkọ obìnrin kan tó ń kọ orin tí àwọn mọ̀. Àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù lórí àga àwọn àgbà! Ìjẹ̀bú ni wákà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìhà Ẹ̀pẹ́, létí ọ̀sà níbẹ̀, ni Salawa Àbẹ̀ní ti wá. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, Aláàfin Làmídì Adéyẹmí sì fi jẹ Ọbabìnrin Wákà ní 1992. A kò ní ìdí kankan tí a fi gbàgbé wákà nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ẹgbẹ́ oníwákà kan wà ní abúlé kan tí kò jìnnà sí wa, àwọn ìyá tí wọ́n ṣì ń kọrin níbi ìkómọ àti ìyàwó. Mo ti lọ gbọ́ wọn, mo mú Màmá dání. Ohùn olórí wọn ṣì le, elégbè wọn mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbà á, wọ́n sì ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ohun tí Màmá sọ nínú ọkọ̀ nígbà tí à ń padà bọ̀ ni pé, "Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ pè." Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé kí wákà ṣíwájú àpàlà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lóṣù Kejìlá tó ń bọ̀. Akápò ní kò sí owó, àfi bí a bá yọ orúkọ kan kúrò nínú ti alẹ́. Mo ti dárúkọ ẹni tí mo fẹ́ kí a yọ, àwọn mẹ́ta ti gbè mí lẹ́yìn, ìpàdé tó ń bọ̀ la ó sì dìbò lé e.